Orí Kẹfà: Lítà Kan Kì Í Di Méjì

Ọ̀sán Sátidé kan ni àbúrò ìyàwó mi wọlé tọ̀ mí wá, ó fa ọ̀rá dúdú kan dání, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀ bíi ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà bẹntiróòlù tí a ń rà ní iye tí kò pé ₦200 ti kọjá ₦600, gbogbo ẹni tó ní mọ́tò sì ti di olùkọ́ ìṣirò. Ó tú ọ̀rá náà. Irin dúdú méjì ló wà nínú rẹ̀, ike yí wọn ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju páálí ìṣáná lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ á fi sí tiyín náà. Tèmi ti lo ọ̀sẹ̀ kan. Géèjì ò sọ̀kalẹ̀ mọ́!"

Òòfà ni. Ìwé tó bá a wá ní kí á dè é mọ́ páìpù tó ń gbé epo lọ sínú ẹ́ńjìnnì, pé òòfà yóò to epo náà lẹ́sẹẹsẹ kí ó lè jó tán pátápátá, ìdá 40 nínú 100 epo tí a ń rà yóò sì máa ṣẹ́kù sí táǹkì. ₦15,000 ló rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kiri láti gáréèjì dé gáréèjì.

N kò bá a jiyàn. Ìbéèrè kan péré ni mo bi í: epo tó ń ṣẹ́kù fún ọ báyìí, níbo ló ń lọ tẹ́lẹ̀?

"Ó ń ṣòfò ni, Ẹ̀gbọ́n."

Kò parọ́. Ó ń ṣòfò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oríṣi òfò méjì ló wà nínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan tóbi, ìkejì kéré. Ẹni tó ń ta òòfà máa ń fi èyí tó tóbi dẹ́rù bà wá, kó tó wá ta oògùn èyí tó kéré fún wa.

Ẹ jẹ́ á kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú lítà kan. Ẹni tó bá ń rọ yúníìtì sínú mítà iná ilé rẹ̀ mọ yúníìtì kan dáadáa, nítorí owó ló fi ń rà á. Òun ni áyọ́ọ̀nù oní-1,000 wáàtì ń jẹ tó bá gbóná fún wákàtí kan láìsinmi. Lítà bẹntiróòlù kan gbé nǹkan bíi yúníìtì 9 pọ̀. Ìgbà tí epo àti afẹ́fẹ́ bá pàdé tí iná sì ràn wọ́n ni agbára náà ń jáde, iye tó sì máa jáde ti wà nílẹ̀ kí epo náà tó kúrò nílé ìfọpo. Bó ṣe rí ní ọdún 1930 ló rí lónìí. Bó ṣe rí ní Mushin ló rí ní Texas. Kò sí irin tí a lè dè mọ́ páìpù tí yóò sọ 9 di 15.

Nínú yúníìtì 9 wọ̀nyí, nǹkan bíi 2 ló ń dé ẹsẹ̀ táyà nínú irú ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń wà. Ooru ló ń gba ìyókù lọ. Ẹ na ọwọ́ sí ẹ̀yìn sàlẹ́ńsà bí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ má fọwọ́ kàn án o: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó epo yín ló ń gba ibẹ̀ jáde. Ẹ dúró níwájú rédíétọ̀ nígbà tí fáànù bá ń fẹ́: ibẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Èyí tó kù ń parẹ́ sínú irin tó ń họ irin, sínú jíà, àti sínú dídúró sójú kan nínú go-slow pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń mí.

Òfò ńlá náà nìyẹn, ooru ni, kì í ṣe epo tí kò jó. Epo tí kò jó ni òfò kékeré. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ yá, nínú gbogbo 100 tó bá wọlé, bíi 97 tàbí 98 ló ń jó. Ohun tó ṣẹ́kù fún òòfà, fún oògùn inú táǹkì, fún fáànù kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, fún gbogbo ohun tó bá ní òun yóò jẹ́ kí epo jó tán, kò ju 2 tàbí 3 yẹn lọ, ká tiẹ̀ ní wọ́n ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ìdá 40 nínú 100 epo wa ni kì í jó lóòótọ́, òórùn bẹntiróòlù ì bá máa bá wa rìn bí ìgbà tí kẹ́ẹ̀gì bá dà sínú búùtù, irin tó ń sẹ́ èéfín lábẹ́ ọkọ̀ ì bá sì ti pọ́n bí ẹyin iná. Ní ti òòfà gan-an, bẹntiróòlù kì í ṣe irin. Òòfà kò rí nǹkan kan gbá mú nínú rẹ̀ tó lè yí bó ṣe ń jó padà.

Ẹnìkan lè ní: kí ló dé tí wọn ò kúkú ṣe ẹ́ńjìnnì tí kì í fi ooru ṣòfò? Ọmọ Faransé kan, Sadi Carnot, ti dáhùn ìyẹn ní 1824, nígbà tó wà ní ẹni ọdún 28. Ẹ̀rọ tó ń fi ooru ṣiṣẹ́ dà bí omi tó ń ti orí òkè ṣàn wá sísàlẹ̀: bí kò bá sí ìsàlẹ̀ tí yóò ṣàn lọ, kò ní yí nǹkan kan. Apá kan nínú ooru náà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ síta kí ìyókù tó lè ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún 36 ni Carnot nígbà tí àrùn onígbáméjì pa á, ìwé kan ṣoṣo yẹn ló sì tẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà wá, kò tíì sí ẹ́ńjìnnì kan tó rí ọ̀nà gbà yẹ òfin rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Toyota fi ọ̀pọ̀ ọdún àti owó tí kò kéré ja ogun náà. Ibi tí wọ́n bá a dé ní nǹkan bíi 2018 ni ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tó ń sọ ìdá 40 tàbí 41 nínú 100 di iṣẹ́, ìyẹn náà tó bá wà níbi tó ti ń ṣe dáadáa jù lọ. Àwọn tó fi gbogbo ayé wọn ṣe iṣẹ́ yìí ń yọ̀ tí wọ́n bá rí ìdá kan péré kún un. Ọkùnrin inú gáréèjì ń fúnni ní 40 ní ₦15,000.

Ojú ọ̀nà náà ní ìṣirò tirẹ̀, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti inú ẹ́ńjìnnì lọ, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ìmọ̀ mẹkáníìkì gbé e gba ẹ̀yìn rẹ. Ẹ mú ọkọ̀ kékeré kan, irú Corolla, kí ó máa sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Afẹ́fẹ́ ń tì í padà, táyà ń rọ̀ mọ́ ọ̀dà. Láti borí àwọn méjèèjì fún 100 kìlómítà, ọkọ̀ náà nílò nǹkan bíi yúníìtì 12 lẹ́sẹ̀ táyà. Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lé ní 127 kìlómítà díẹ̀, ìyẹn bíi yúníìtì 15. Ká ní áńgẹ́lì ló kan ẹ́ńjìnnì náà, tí ẹyọ ooru kan kì í ṣòfò, lítà kan àti bíi ìdá méje nínú mẹ́wàá ni yóò jẹ láti Èkó dé Ìbàdàn. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí ọmọ ènìyàn kàn, tó ń sọ ìdá kan nínú mẹ́rin di iṣẹ́, ó di lítà mẹ́fà ààbọ̀ sí méje, iye tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ mọ̀ dáadáa nínú àpò wọn. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun fi lítà kan dé Ìbàdàn nínú Corolla rẹ̀, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló tún ṣe. Afẹ́fẹ́ ló ní òun ti ṣẹ́gun, àti ọ̀dà, àti ìwúwo ọkọ̀, òun sì jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀!

Èyí ló jẹ́ kí ìtàn Pogue máa pa mí lẹ́rìn-ín. Charles Nelson Pogue jẹ́ ará Winnipeg ní Kánádà. Láàárín 1930 sí 1936, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ mélòó kan lórí kabúrétọ̀ tí ó ní ó ń sọ epo di oru pátápátá kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Ìròyìn gbà á kan: wọ́n ní ọkọ̀ Ford tí wọ́n gbé kabúrétọ̀ náà sí rìn ju 200 máìlì lọ lórí gálọ́ọ̀nù kan. Ẹ jẹ́ á yí i sí èdè tiwa. Gálọ́ọ̀nù ti Kánádà nígbà náà jẹ́ lítà mẹ́rin ààbọ̀, 200 máìlì sì jẹ́ 322 kìlómítà, ìyẹn bíi 71 kìlómítà lórí lítà kan. Ẹ rántí bí ọkọ̀ àwọn ọdún náà ṣe rí: iwájú rẹ̀ dúró gbagidi bí àpótí aṣọ, iná rẹ̀ yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, afẹ́fẹ́ sì ń gbá gbogbo rẹ̀ mú. Kódà ká ní ó rọra ń rìn ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò ní láti sọ iye tó ju ìdajì dáadáa lọ nínú agbára epo di iṣẹ́, nígbà tí ti Toyota ní nǹkan bíi 2018, lẹ́yìn ọdún 80 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣì ń jà níbi 41.

Ọ̀rọ̀ oru náà sì ní àdììtú tirẹ̀. Epo gbọ́dọ̀ di oru kó tó lè jó, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú ẹ́ńjìnnì gbígbóná ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti ń di oru fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tí Pogue fẹ́ ṣe, ẹ́ńjìnnì ti ń ṣe é. Òfò kékeré ló dojú ìjà kọ, ó wá ní òun rí èrè òfò ńlá.

"Àwọn olówó epo ló rà á pa." Bí mo bá ti mẹ́nu kan Pogue láàárín ọkùnrin mẹ́ta, ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mo mọ ibi tí ó ti ń wá: a ti rí ìwà àwọn olówó epo ní ìlú wa, kò sí ohun tí a ò lè gbà gbọ́ nípa wọn. Síbẹ̀, ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi pamọ́. Ìdí tí ìjọba fi ń fúnni ni pé kí a kọ gbogbo bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ fún aráyé. Ọdún 17 ni agbára rẹ̀ ń wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Láti bíi 1953, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ló lè kan kabúrétọ̀ Pogue láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ lónìí lè rí àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Japan ò ní epo rọ̀bì tó tó nǹkan kan, òkèèrè ló ti ń ra fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń ṣe ọkọ̀ fún gbogbo ayé. Ta ni yóò san owó fún Japan kó má kan án? Ogun Àgbáyé Kejì náà jà láàárín ìgbà tí ìwé Pogue ṣì wà nílẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ogun ń dúró sójú ọ̀nà nítorí àìsí epo. Kò sí ẹgbẹ́ ogun kan tó ránṣẹ́ sí Winnipeg.

Ọ̀nà omi ni àwọn mìíràn gbà. Ní 1916, ní Farmingdale lẹ́bàá New York, Louis Enricht kó àwọn oníròyìn jọ, ó da omi sínú táǹkì ọkọ̀, ó fi omi aláwọ̀ ewé kan kún un, ọkọ̀ sì ṣiṣẹ́. Ó ní gálọ́ọ̀nù epo òun kò ní ju kọ́bọ̀ kan lówó Amẹ́ríkà lọ. Ẹ̀tàn epo mìíràn ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Stanley Meyer ní Ohio tún sọ pé ọkọ̀ òun lè ti Los Angeles dé New York pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù omi 22, ìyẹn lítà 83. Àwọn méjì tó fi owó síṣẹ́ náà gbé e lọ sílé ẹjọ́. Àwọn onímọ̀ tí ilé ẹjọ́ pè yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀, iná mànàmáná ló kàn ń la omi bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ní 1996, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ẹ̀tàn ńlá, ó ní kí ó dá $25,000 padà fún wọn. Ó kú ní 1998, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ nínú ọpọlọ ni dókítà ìjọba sọ pé ó pa á. Títí di òní olónìí ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ pé wọ́n fún un ní májèlé jẹ ni. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kò ní ẹ̀rí máa ń rí àǹfààní nínú ikú.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ omi rọrùn láti já ni pé omi ni eérú haidirojíìnì. Nígbà tí haidirojíìnì bá jó tán, omi ló ń dà, gẹ́gẹ́ bí igi ṣe ń di eérú nínú ààrò. Ta ló ń fi eérú dáná? Láti tún un sọ di ohun tó lè jó, a gbọ́dọ̀ dá gbogbo agbára tó ti tú jáde padà fún un, ká sì tún fi èlé lé e.

Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní HHO lóde òní gbọ́n ju Meyer lọ díẹ̀. Wọn kì í sọ pé omi nìkan ni ọkọ̀ yóò máa jẹ. Wọ́n á gbé ìgò omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, wáyà méjì á wọ inú rẹ̀, ìfófòó á máa yọ (ó máa ń dùn ún wò, n kò ní purọ́), gáàsì rẹ̀ á sì máa lọ bá epo nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ á wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ tó bá ń mú lítà gáàsì kan jáde ní ìṣẹ́jú kan, agbára tó wà nínú gbogbo gáàsì tó máa ṣe ní wákàtí kan ò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá yúníìtì lọ tó bẹ́ẹ̀. Ní wákàtí kan náà, ọkọ̀ tó wà lórí márosẹ̀ ti jó bíi lítà epo 7, ìyẹn yúníìtì 60 àti díẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí a bu ṣíbí omi kan sínú garawa. Ṣíbí kan náà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́: alternator ló ń pèsè iná tó ń la omi, ẹ́ńjìnnì ló ń yí alternator, epo bẹntiróòlù ló sì ń yí ẹ́ńjìnnì. Àfi bí ẹni tó ń mú owó kúrò lápò ọ̀tún sí àpò òsì, tí ẹlòmíràn sì ń yọ owó ọjà níbodè láàárín méjèèjì.

Níbí yìí ni mo ti máa ń bínú díẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ta HHO máa ń so ohun kékeré kan mọ́ wáyà sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kí ó lè dín epo kù ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù máa ń fẹ́ bíi kìlógíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 fún kìlógíráàmù epo kan. Bí a bá tàn án kúrò níbẹ̀, epo lè dín díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru inú rẹ̀ lè yí padà, ọkọ̀ lè máa jáni kulẹ̀ lórí òkè, owó tí a fi ra fáàfù tàbí písítínì tuntun á sì jẹ owó epo tí a ní a tọ́jú.

Ti abẹ́ sítíárì ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń kì bọ ibi tí mẹkáníìkì ń ki kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí, tó ń tan iná ewé àti pupa, tí wọ́n ní ó ń kọ́ ìwà awakọ̀ kó lè tún ẹ́ńjìnnì tò. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ní Faransé tú irú rẹ̀ kan wò. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó lè bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Iná ló ń tàn, ìyẹn náà ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀wọ́ngógó epo 1973, irú nǹkan báyìí pọ̀ ní Amẹ́ríkà débi pé wọ́n ní kí EPA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, máa yẹ̀ wọ́n wò. Ohun tó lé ní 100 ni àjọ náà ti yẹ̀ wò láti ìgbà náà wá, wọn ò sì rí ọ̀kan tó dín epo kù débi tí a lè máa sọ.

Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn kì í ṣe nípa àwọn tó ń tà á. Nípa àbúrò ìyàwó mi ni. Kì í ṣe òmùgọ̀, kì í parọ́, ó sì rí i pé géèjì òun ò sọ̀kalẹ̀. Kí ló rí?

Ó rí géèjì. Inú táǹkì, ohun tó ń léfòó kan wà lórí apá irin, bí epo ṣe ń lọ sílẹ̀ ni apá náà ń sọ̀ kalẹ̀. Táǹkì kì í ṣe garawa. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fún un, kó lè wọ abẹ́ àga. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìdajì àkọ́kọ́ máa ń pẹ́ kó tó lọ, ìdajì kejì á sì yára bí owó oṣù. Ẹ gbé ọkọ̀ dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ ó rí i tí epo yóò "pọ̀ sí i". Àbá lásán ni géèjì, kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Ó tún rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, láìmọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ná ₦15,000 kí epo lè ṣẹ́kù kì í tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi tàná. Á rọra gbéra, á jìnnà sí ọkọ̀ iwájú kó má baà máa tẹ bíréèkì, á pa ẹ̀rọ amúlétutù tí afẹ́fẹ́ bá tutù. Gbogbo ìyẹn ń dín epo kù lóòótọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọkùnrin tó ta òòfà náà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà rẹ̀ "kí òòfà lè ṣiṣẹ́ dáadáa", ó sì gbọn eruku inú fílítà afẹ́fẹ́ dànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni alágbo tó ń tà nínú bọ́ọ̀sì ṣe ń ní kí a má jẹ ọ̀rá, kí a máa sùn dáadáa, kí a sì mu omi púpọ̀ tí a bá ń lo tòun.

Mo dá a lábàá pé kí á wọ̀n ọ́n. A mú ọkọ̀ tirẹ̀, a yan ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ àti àbọ̀, ní òwúrọ̀ kùtù, ọjọ́ mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A fi mẹkáníìkì mi ṣe onídàájọ́: ní àárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, òun nìkan ló ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òun ló mọ̀ bóyá òun de òòfà mọ́ ọn tàbí òun kò dè é, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. A fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà dọ́gba. Ilé epo kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ibi kan náà ni ọkọ̀ dúró sí, a rọ epo títí tí ẹnu ẹ̀rọ náà fi já lẹ́ẹ̀kan, a ò fi ìkankan lé e. Tí a bá padà dé, a tún rọ ọ́ kún, iye tó bá wọlé ni a jó. (Ẹ̀rọ ilé epo tí wọ́n ti yí yóò tan ni jẹ lọ́nà kan náà ní gbogbo ìgbà, ìdí rẹ̀ tí kò fi yẹ kí a pààrọ̀ ilé epo láàárín ìdánwò nìyẹn.)

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹfà, mẹkáníìkì ṣí ìwé rẹ̀, èmi náà ṣí tèmi. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tí òòfà wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tí kò sí kò kún ife ìmumi kan. Ọjọ́ tí epo lọ kéré jù lọ, òòfà wà nínú dúrọ́ọ̀ mẹkáníìkì. Ọjọ́ tó lọ púpọ̀ jù lọ ni ọjọ́ tí òjò mú wa ní Fìdítì.

"Ẹ̀gbọ́n, bóyá ó ń fẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ lára rẹ̀."

Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. ₦15,000 kì í ṣe owó kékeré.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé inú gáréèjì nìkan ni irú ẹ̀tàn yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Iye kìlómítà lórí lítà kan tí wọ́n ń kọ sára ọkọ̀ tuntun, orí ẹ̀rọ kan tó ń yí lábẹ́ táyà nínú yàrá ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ọkọ̀ kì í rìn níbẹ̀, ilẹ̀ ló ń yí lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀rọ náà bí afẹ́fẹ́ àti ọ̀dà yóò ṣe di ọkọ̀ yìí mú tó. Kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n, wọ́n á fi ọkọ̀ náà sáré níta, wọ́n á yọ ọ́ sí fírì, wọ́n á ka bí ó ṣe pẹ́ tó kó tó dẹwọ́ eré. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ẹ̀bùrú wà. Ní oṣù Kọkànlá 2012, Hyundai àti Kia gbà ní Amẹ́ríkà pé nọ́ńbà tí àwọn kọ sára ọkọ̀ bíi 900,000 ti ga jù. Àwọn èsì tó dára nínú ìwọ̀n náà ni wọ́n mú, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Wọ́n dá owó epo padà fún àwọn oníbàárà, ní 2014 wọ́n sì san $100 mílíọ̀nù owó ìtanràn. Ní oṣù Kẹrin 2016, Mitsubishi jẹ́wọ́ irú rẹ̀ ní Japan lórí ọkọ̀ kékeré 625,000, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún Nissan. Nissan gan-an ló wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, tó rí i pé kò bára mu. Nígbà tí wọ́n tú u dé ìdí, ọ̀nà ìwọ̀n tí òfin kò fọwọ́ sí náà ti wà níbẹ̀ láti 1991. Àwọn wọ̀nyí kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n parọ́ mọ́.

Kódà láìsí ẹ̀tàn, ní Yúróòpù, àjọ ICCT, tó ń ṣe ìwádìí lórí ọkọ̀, rí i pé epo tí ọkọ̀ tuntun ń jó lójú ọ̀nà fi bí ìdá 9 nínú 100 ju ti inú ìwé lọ ní 2001. Nígbà tó fi máa di 2015, ó ti di 42. Wọ́n yí ìdánwò náà padà láti 2017. Ẹ sì máa ka lẹ́tà wínníwínní: Volkswagen XL1 tí wọ́n ní ó ń fi lítà 0.9 rin 100 kìlómítà, bátìrì rẹ̀ ti mu iná kún láti ara ògiri kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Èèyàn méjì ló ń gbà, 250 péré sì ni wọ́n ṣe.

Àwọn tó fẹ́ mọ ibi tí epo lè gbé èèyàn dé gan-an wà, n kò sì lè parí orí yìí láìmẹ́nu kàn wọ́n, torí wọ́n wù mí. Ní 1939, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí Shell ní Wood River, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ta tẹ́tẹ́ láàárín ara wọn nípa ọkọ̀ ta ni yóò rìn jìnnà jù lórí gálọ́ọ̀nù kan. Ẹni tó borí kò dé 50 máìlì. Tẹ́tẹ́ yẹn ló di ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé, tí àwọn ọmọ Yunifásítì Èkó náà ti gbé ọkọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn lọ sí. Ní 2005, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Zurich gbé PAC-Car II wá sí pápá kan ní Faransé. Haidirojíìnì ló ń jẹ, ṣùgbọ́n tí a bá fi wé bẹntiróòlù, ó rin 5,385 kìlómítà lórí lítà kan.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi gbà á. Ọkọ̀ náà kò ju kìlógíráàmù 29 lọ, ìdajì àpò ìrẹsì ńlá pẹ̀lú díẹ̀. Ó rí bí ẹ̀kán omi tó fẹ́ já bọ́. Ẹni tó ń wà á dùbúlẹ̀ gbalaja nínú rẹ̀, kò sí àga, kò sí búùtù, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, eré rẹ̀ kò sì ju ti kẹ̀kẹ́ ológeere tó yára lọ. Wọn ò rí agbára tuntun nínú epo. Ohun tí ojú ọ̀nà ń béèrè ni wọ́n gé kù, ìwọ̀n kan lẹ́yìn èkejì, títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má kù nǹkan kan. Ọkọ̀ oní-hybrid tó ń rin bíi 20 kìlómítà lórí lítà kan nínú ìlú, irú iṣẹ́ náà ló ń ṣe ní ìwọ̀n tí ìdílé lè jókòó sí: ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ó ń kó eré yẹn padà sínú bátìrì dípò kó di ooru. Ẹnikẹ́ni lè na ìka sí ibi tí epo tó ṣẹ́kù náà ti wá.

Ní ti òòfà méjèèjì, àbúrò ìyàwó mi fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo yà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ iṣẹ́ kan dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, nọ́ọ̀tì kan ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ sínú kọ̀rọ̀ tí ìka ò lè dé. Ó na ọwọ́ jáde, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi fa nǹkan yẹn wá." Ọ̀gá rẹ̀ mú òòfà náà nínú dúrọ́ọ̀, ó ti so ó mọ́ orí wáyà gígùn kan. Nọ́ọ̀tì náà jáde lẹ́ẹ̀kan náà.